Bẹ́ẹ̀ni Tí Mo Ń Sọ fún Pọ́tábù Mi Láàárọ̀

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ fránkì ni mo ra abo adìẹ kan ní ọjà Ikpinlè. Adìẹ pupa, ó sanra, ó ń wo èèyàn bí ẹni pé òun ló ń gba owó ìsọ̀.

Ẹ ó ní kí ló kan adìẹ nínú ọ̀rọ̀ pọ́tábù, fóònù ọwọ́ wa. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi rẹ́rìn-ín lójú ewé yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, ẹ̀rín inú rẹ̀ ò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe ń retí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, epo pupa ni mò ń tà ní Adja-Ouèrè. Mo ń gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń fún un ní Oko-Akarè, mo ń rọ ọ́ sínú bídọ̀ǹ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ń wá kó o. Ìwé mi ò jìnnà. Mo lè kọ Yorùbá, mo lè ka owó, ìyẹn ò ṣeé fi tàn mí jẹ. Tí wọ́n bá fi Faransé kọ nǹkan, mo mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, mo mọ èyí tó jẹ́ rárá. Ìyókù, pọ́tábù ló ń kà á sí mi létí, ẹnu ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Faransé mi ń tiro, ṣùgbọ́n ó máa ń débi tó ń lọ.

Adìẹ yìí dé ilé, kò pẹ́ rárá, ó sorí kọ́. Kò jẹun, kò mumi, ó kàn dúró síbì kan bí ẹni tí wọ́n já ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ láàárọ̀, mo gbé pọ́tábù sẹ́nu, mo bi í pé kí ni wọ́n ń fún adìẹ tó bá ń ṣe báyìí.

Pọ́tábù gbé sáìtì kan jáde. Ṣùgbọ́n kó tó fi òògùn hàn mí, ó kọ́kọ́ béèrè nǹkan. Ó ní ṣé mo gbà kí àwọn máa ránṣẹ́ sí mi? Bọ́tìnnì méjì, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ni, ọ̀kan fún rárá.

Àárọ̀ ni o. Mi ò tíì tajà kankan.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Níbi tiwa, kí èèyàn tó tajà àkọ́kọ́ láàárọ̀, rárá kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìsọ̀. Tí wọ́n bá béèrè ohun tí o ò ní, o ò ní sọ pé kò sí, wàá ní ó ń bọ̀. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá na owó tí kò tó, wàá rọra bá a dúnàádúrà, o ò ní lé e. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí ìyá tiwọn ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Ẹni tó bá kọ nǹkan láàárọ̀, ọjà á kọ òun náà títí di alẹ́. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, mi ò sì bi wọ́n léèrè ìdí.

Ṣé ẹ wá rò pé èmi á tìtorí adìẹ sọ pé rárá fún pọ́tábù kí n tó tajà? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ni.

Adìẹ kú kí oòrùn tó ga. Ẹ má bi mí bóyá mo sè é.

Láti ọjọ́ náà, àwọn sáìtì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Mo wo iye tí wọ́n ń ta epo ní Kútọnu, ó béèrè. Mo wo irun dídì, ó béèrè. Mo wo ohun tó ń fa kí orúnkún máa ró, ó béèrè. Àárọ̀ ni mo sì máa ń ráyè tẹ pọ́tábù, kí ọjà tó kún. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni. Kò sí sáìtì tó kúrò lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìbínú.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ránṣẹ́, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Pọ́tábù á dún pín-ín, ọ̀rọ̀ á yọ lókè rẹ̀, wọ́n á ní òyìnbó kan ń wá ìyàwó. Pín-ín, ikùn mi á wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ lọ bá ọkọ mi sọ ti ikùn, tirẹ̀ ló ṣíwájú.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ wọn yí padà. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú pọ́tábù mi. Wọ́n ní ẹnì kan ń wo àwọn fọ́tò mi. Ọjọ́ kan ni mo wá rí èyí tó mú kí n gbé bídọ̀ǹ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé: ẹnì kan ní Adja-Ouèrè ti mọ àṣírí rẹ.

Adja-Ouèrè o. Wọn ò sọ Kútọnu, wọn ò sọ Parísì. Ìlú wa, tí àwọn onítakisí mìíràn gan-an ò mọ̀.

Ìyá Bẹnuwá ló ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni, aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ ju ọkàn gbogbo wa lọ. Mo fi pọ́tábù hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó yẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan náà ń rùn.

Ó ní, “Gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tan àbẹ́là yí i ká.”

Mo ní, “Tí àbẹ́là bá yọ́ wọ ihò tí mo fi ń ki iná bọ̀ ọ́ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa ra òmíràn fún mi?”

“Máa fẹnu ẹ ṣeré. Ohun tó bá ti ń pe orúkọ ìlú ẹ, orúkọ tìẹ ló kù tó máa pè.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mo da ojú pọ́tábù náà dé orí àgbá epo, mi ò sì fọwọ́ kàn án títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Sẹ́míù, tó ń tún pọ́tábù ṣe ní oríta. Sẹ́míù kì í bá èèyàn wí, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní, “Ìyá Ṣantáàlì, ta lẹ sọ fún pé kó wọlé?”

Mo ní mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ó na pọ́tábù sí mi. Orúkọ àwọn sáìtì tí mo gbà fún ló tò lọ sílẹ̀, tó ń fi ìka fà á, tí kò tán. Sẹ́míù ní àwọn tó wà níbẹ̀ ju àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó òun lọ.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ohun tí èèyàn fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn Faransé ń pè ní nafigatọ̀, ẹnu ọ̀nà ni. Ẹnu ọ̀nà tó bá pọ́tábù mi wá láti ọjà, gbogbo ìpolówó ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní kò sí ẹni tó mọ àṣírí mi. Ibi tí mo wà ni pọ́tábù ń sọ fún wọn, wọ́n á kàn fi orúkọ ìlú sí i. Tí mo bá gbé e dé Pobè, wọ́n á ní ẹnì kan ní Pobè ló mọ àṣírí mi.

Ara tù mí. Inú sì bí mi díẹ̀, nítorí mo ti ń ronú ẹni tó lè jẹ́. Mo ti fura sí èèyàn mẹ́ta.

Sẹ́míù fi ẹnu ọ̀nà mìíràn sí i fún mi, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó ní èyí kì í jẹ́ kí ìpolówó wọlé. Ó ní kí n fi pọ́tábù sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí òun lè yọ gbogbo àwọn tí mo gbà fún kúrò lẹ́nu ọ̀nà àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí tí òun ò bá yọ wọ́n, wọ́n á ṣì máa ránṣẹ́.

Ẹnu ọ̀rọ̀ la wà tí oníbàárà Kútọnu fi pè. Ṣé ọlọ́jà á wá fi pọ́tábù sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́? Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ń dáhùn ìpè bí mo ṣe ń lọ. Sẹ́míù ń pariwo tẹ̀ lé mi pé àwọn sáìtì kan wà tí kò ní fẹ́ ẹnu ọ̀nà tuntun yìí, pé tí ojú ewé kan bá kọ̀ láti ṣí, kí n gbé e wá, kí n má padà gba ti àtijọ́. Mo juwọ́ sí i. Mo ní mo gbọ́.

Àlàáfíà dé. Mo ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan. Òkè pọ́tábù ṣì máa ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka gbá a kúrò bí eṣinṣin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ṣantáàlì ti wọ̀ ọ́ nìyí.

Ṣantáàlì ni ọmọbìnrin mi. Ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ló fẹ́ kọ́, kò sì tíì fẹ́ nǹkan mìíràn rí. Òun ló bá mi wà lórí zémìjan, ọ̀kadà tiwa, lọ́jọ́ tí mo bí àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Oko-Akarè, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú onízémìjan tó kọjú sí igbó tó ń gbàdúrà. Àbúrò náà ò dúró. Ṣantáàlì kéré nígbà náà, òun ló bọ́ gèlè orí rẹ̀ tó fi wé e. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ dà, ohun kan náà ló ń sọ.

Ọdún yìí ló ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan ní Àjàṣẹ́, orúkọ rẹ̀ sì jáde. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Tàǹtí Odílì tó ń ránṣọ. Pọ́tábù tirẹ̀ ti já sínú kànga, ti Tàǹtí ló fi ń pè mí. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ní kí àwọn san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún fránkì lórí sáìtì wọn, kí oòrùn Ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀. Ẹni tí kò bá san, wọ́n á fún ẹni tó tẹ̀ lé e ní àyè rẹ̀. Owó náà wà nínú àpò owó orí pọ́tábù mi. A ti ń kó o jọ láti ọjọ́ tó ti kọ orúkọ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló fi àdírẹ́sì sáìtì ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé ló gbé e. Ilé ẹ̀kọ́ jáde, orúkọ Ṣantáàlì jáde, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Nǹkan róbótó kan ń yí, ó ń yí, ó dúró. Kò sí nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó yí, ó dúró. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní Gùn, kò mi.

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Sẹ́míù. Ṣọ́ọ̀bù tì. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti lọ sin àna wọn ní abúlé kan lẹ́yìn Oko-Akarè, ibi tí kò sí rísóò tí pọ́tábù fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó di ọ̀la ọ̀sán.

Mo pe Ṣantáàlì. Ó ní bóyá kí n gba ẹnu ọ̀nà kejì. Mo ní Sẹ́míù ní kí n má ṣe é. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, “Màmá, ọ̀la ni o.” Mo ní mo mọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to bídọ̀ǹ ni. Kò tíì sí ẹni tó rà. Òkè pọ́tábù dún pín-ín. Mo ní kí n gbá a kúrò, ojú mi bá bà á.

Wọ́n kọ ọ́ pé: ìsanwó rẹ láti Adja-Ouèrè kò tíì parí. Ṣé o fẹ́ tẹ̀síwájú?

Ẹ sọ fún mi. Kí lẹ̀yin ì bá rò? Àná ni mo tẹ ìsanwó tí kò lọ. Ta ló tún mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́? Mo ti gbàgbé pé àwọn tó ń pe Adja-Ouèrè, gbogbo ìlú ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láàárọ̀ yẹn, èmi ni ó bọ́ sí lójú ọgbẹ́. Bọ́tìnnì méjì ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ni àti rárá, mi ò sì tíì tajà.

Mo tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ló ṣí.

Ojú ewé náà funfun báláú, kò sí nǹkan níbẹ̀ ju àyè tí wọ́n ní kí n kọ nọ́mbà mi sí. Mo kọ ọ́. Mi ò tíì fi pọ́tábù sílẹ̀ tí ìpè wọlé.

Ọkùnrin ni. Ohùn rẹ̀ tutù. Faransé ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó gbọ́ bí tèmi ṣe ń tiro, ó rọra bọ́ sínú Yorùbá. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ọjà.” Ariwo ìsọ̀ ló gbọ́, ṣùgbọ́n lójú mi, ẹni tó mọ̀ mí ni.

Ó ní ìsanwó wo ló dá dúró. Mo sọ fún un. Ilé ẹ̀kọ́ wo? Mo sọ fún un. Kí lorúkọ ọmọ? Mo sọ fún un. Èló ni? Ó ní kí n fún òun ní nọ́mbà ọmọ náà kí àwọn lè fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí i, mo fún un ní ti Tàǹtí Odílì. Gbogbo ohun tó fi mú mi, ẹnu èmi ló ti gbà á. Òun kàn ń ní, “Ẹ ṣé é, Màmá.”

Ó ní ìbéèrè owó kan máa yọ lójú pọ́tábù, kí n fi kóòdù mi sí i. Ó yọ lóòótọ́, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún géérégé. Mo fi kóòdù sí i. Mo mí kanlẹ̀. Mo ń wo Ìyá Bẹnuwá, mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ mi ti di agbẹ̀bí.

Ọkùnrin náà ní ó ku díẹ̀. Ó ní owó náà dì sójú ọ̀nà, òmíràn máa yọ tí yóò tì í kọjá, wọ́n á dá a padà lọ́gán. Èkejì yọ. Ẹgbẹ̀rún méjìlá àti irínwó.

Iye tó kù nínú pọ́tábù mi gan-an nìyẹn, kò fi fránkì kan lé, kò fi dín. Báwo ló ṣe mọ iye tó kù? Nígbà tó yá ni mo rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló bi mí, pẹ̀lú ohùn tútù yẹn, èmi sì dá a lóhùn. Lásìkò náà mi ò rántí. Ìka mi dúró lórí pọ́tábù.

Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní:

“Màmá, kí ẹ tó tajà láàárọ̀ yìí, ẹ ò ní sọ pé rárá fún mi, àbí?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Kì í ṣe òyìnbó. Kì í ṣe kòkòrò inú pọ́tábù. Ìyá kan tó ń tajà ló bí i. Ó ti jókòó sábẹ́ ìsọ̀ ní kékeré bí ti Ṣantáàlì, ó ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún ẹni àkọ́kọ́. Ó mọ ibi tí okùn wa ti ń já, ibẹ̀ ló sì fọwọ́ sí.

Mo fi kóòdù sí i.

Ìpè náà gé. Ìfiránṣẹ́ dé pé kò sí nǹkan kan nínú pọ́tábù mi mọ́. Ìyá Bẹnuwá yọjú, ó ní, “O ti tajà?” Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín náà ò fẹ́ dúró, ó fi igbá gàrí sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni nọ́mbà Tàǹtí. Mo pe wọ́n. Wọ́n ní ẹnì kan láti ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àwọn tán, ohùn rẹ̀ dùn, ó ní owó Ṣantáàlì ku díẹ̀, kí àwọn fi kún un.

Mo ní, “Tàǹtí, ṣé ẹ fi kóòdù sí i?”

Wọ́n ní ó bẹ àwọn pé kí àwọn má kọ fún òun láàárọ̀. Wọ́n ní, “Mo ní mo kọ̀. Mo tún un sọ, mo gé ìpè. Kí ló dé?”

Aṣọ ni Tàǹtí ń rán. Wọn ò tajà rí láyé wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ráyè sunkún. Ọkọ̀ kan tó ń lọ Kútọnu dúró nítòsí, mo ta bídọ̀ǹ mẹ́fà fún dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ní iye tó sọ, láì dúnàádúrà. Ojú kan ni ó fi ń wò mí bí ẹni tó jí epo náà gbé. Ìyá Bẹnuwá fi owó gàrí kún un, kò kà á. Mo gun zémìjan dé ojú títì, mo wọ takisí lọ sí Àjàṣẹ́, owó wà lábẹ́ ìró mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láti Ikpinlè títí dé ẹnu géètì.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní àwọn kì í gba owó lọ́wọ́. Orí sáìtì nìkan. Mo ní sáìtì yín kọ̀. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní gbogbo èèyàn ló ń san án. Ó tún wo ojú mi, ó rọra fi ìka na ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọtokópì ní òdìkejì.

Obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn gba owó lọ́wọ́ mi, ó ṣí sáìtì náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ ibi ìsanwó. Fèrèsé kékeré kan fò jáde, báyìí, lójú kan náà. Ó fi owó inú pọ́tábù tirẹ̀ san án. Rìsíìtì jáde. Oòrùn ò tíì wọ̀.

Ṣantáàlì gbà á, ó fi í sínú ìwé, ó fi ìwé sínú báàgì, ó tì í pa. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé, “Màmá, ó mọ orúkọ mi?”

Mo ní ó mọ̀ ọ́n.

“Ó mọ ibi tí mo máa wà?”

Mo ní èmi ni mo sọ ọ́ fún un.

Sẹ́míù dé láti ibi ìsìnkú, ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn mí. Fèrèsé kékeré tí wọ́n fi ń sanwó yẹn, ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé rò pé ìpolówó ni, ló bá ń gbá a padà. Àmì asà kan wà lókè. Èèyàn á fọwọ́ kàn án, á ṣí i fún sáìtì kan ṣoṣo yẹn, tó bá sanwó tán, á tún un tì. Kò gbà ju kí èèyàn sẹ́jú lọ. Sẹ́míù ò rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ó jókòó, ó yọ àwọn tí mo gbà fún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi pọ́tábù sílẹ̀ fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fi ẹjọ́ sùn níbi tó yẹ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń retí wọn.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, pọ́tábù dún. Nọ́mbà mìíràn. Mo gbé e.

“Ìyá Ṣantáàlì, ẹ kú ọjà. Ọmọ wa ti wọ ilé ẹ̀kọ́?”

Ohùn kan náà. Ó tutù bí ti àkọ́kọ́.

Mi ò tíì tajà. Obìnrin kan dúró níwájú mi, ó ti na bídọ̀ǹ òfìfo sí mi. Mo ní, “Rárá.” Ọ̀rọ̀ náà jáde tòun ti ariwo, obìnrin náà fa bídọ̀ǹ rẹ̀ sẹ́yìn, Ìyá Bẹnuwá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọkùnrin náà ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Kò burú, Màmá. Ìsọ̀ pọ̀ ní ọjà.” Ó gé ìpè.

Ìsọ̀ pọ̀ ní ọjà lóòótọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Àárọ̀ yìí náà, ó ń pe ẹnì kan. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta ẹja fún ọ, tó ń to ọjà tí kò tíì tà.

Ẹ lọ wo pọ́tábù àwọn ìyá yín. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, ẹ wo àwọn tí wọ́n ti gbà fún, ẹ yọ wọ́n. Tí sáìtì tó ní láárí bá kọ̀ láti ṣí, ẹ má sá padà sí ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlẹ̀kùn, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì tẹ ohun tó fúnra rẹ̀ wá bá yín, ìbáà jẹ́ orúkọ ìlú yín ló ń pè. Ẹ sọ fún àwọn ìyá pé oníbàárà tó dúró níwájú wọn, tí wọ́n rí ojú rẹ̀, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ àárọ̀ wà fún. Pọ́tábù kì í ṣe oníbàárà. Ó ṣòro fún èmi gan-an láti gbà á gbọ́. Láàárọ̀ òní, mo tẹ rárá fún nǹkan kan, mo sì wò yíká bóyá ọjà gbọ́.

Tí irú rẹ̀ bá ti ṣe yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí àwa tó kù lè mọ ohùn rẹ̀ tó bá pè. Ẹ kọ ohun tó sọ, ẹ kọ iye tó gbà, ẹ má tijú. Èmi náà ti kọ tèmi tán, ó ku iye rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún àti irínwó fránkì.